Eré ẹ̀kọ́ fún kíláàsì yín: ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ nọ́sìrì, mo kọ́ pírámárì fún ọdún púpọ̀, ilé-ìwé girama ni mo wà báyìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa dá mi dúró lẹ́nu géètì, ní Ọjà Ọba, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Oǹdó, wọ́n á ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la tún lè ṣe kí àwọn ọmọ yìí yé sùn lójú wa?" Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù ni mo kó jọ síbí. Ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ni mo fi dáhùn.

Kí lẹ ń pè ní eré ẹ̀kọ́ gan-an?

Iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́, ẹnu tàbí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe, tí kò sì ní lè ṣe é láìronú. Apá kejì yẹn ló le. Kí gbogbo kíláàsì máa pàtẹ́wọ́, kí wọ́n máa kọrin fún ogún ìṣẹ́jú, ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ronú nínú wọn, ara lásán ni wọ́n nà. Bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, mo máa ń dúró, màá wo kíláàsì yí ká, màá sì bi ara mi pé: ta ló ń ronú báyìí? Bó bá jẹ́ èmi ni, tàbí ọmọ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ kì í wálẹ̀, a jẹ́ pé ìran ni àwọn yòókù wá wò.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ya àwòrán bí òjò ṣe ń di ìkúùkuu, tí ìkúùkuu ń di òjò, sórí káádíbọ́ọ̀dù ńlá, mo sì ń kun ún títí ilẹ̀ fi ṣú wọ ààjìn. Àwọn ọmọ pariwo nígbà tí mo gbé e kọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kí ẹnì kan ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, gbogbo wọn wolẹ̀. Nígbà tí mo tún un kọ́, mi ò gbé àwòrán wá mọ́. Mo bu omi gbígbóná sínú abọ́, mo fi ọmọrí dé e, mo ní kí kóówá kọ ohun tó rò pé a máa bá lábẹ́ ọmọrí sílẹ̀ kí n tó ṣí i. Ọmọ tó ti ń rí ọmọrí ìkòkò ìyá rẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé wá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé òjò ló ń rọ̀ nínú ìkòkò náà.

Ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì mi, bẹ́ńṣì ò sì ṣeé gbé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pín wọn sí ẹgbẹ́?

Ẹ má gbé bẹ́ńṣì. Ẹ ní kí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì kìíní yíjú sẹ́yìn kọjú sí bẹ́ńṣì kejì, kí ẹ̀kẹta yíjú sí ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ títí dé ògiri. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà lórí bẹ́ńṣì kan, ẹ ti ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà mẹ́fà kí ẹ tó ka ogún. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan àti bírò kan péré, kí bírò sì máa yí kiri. Bí bírò bá di méjì, ẹgbẹ́ ti pín nìyẹn.

Bí ẹ ò bá tilẹ̀ fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn ti tó. Ẹ béèrè ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí kóówá kọ́kọ́ dá rò ó, lẹ́yìn náà kí ó sọ ọ́ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wá pe ẹnikẹ́ni tó bá wù yín. Frank Lyman, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1981, ó sì ti tàn ká ayé nítorí pé kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ọmọ 60 ló ti lanu sọ ohun tó mọ̀. Bí ẹ bá ń pe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mélòó lẹ máa fi gbọ́ ẹnu wọn tán?

Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yín pẹ̀lú. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà tó jókòó gbọ́ bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Níbi tí wọ́n ti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 ó kéré tán, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Mo máa ń ka "ení, èjì, ẹ̀ta" nínú mi. Ó máa ń nira fún mi títí dòní.

Ariwo ńkọ́? Kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń ráhùn.

Ẹ ní àmì kan tí gbogbo wọn mọ̀, kí ẹ má sì yí i padà láàárín táàmù. Tèmi ni pé màá ní "Àgò o!", wọ́n á dáhùn "Àgò yà!", ọwọ́ gbogbo wọn á kúrò lórí iṣẹ́, ojú á sì wá sọ́dọ̀ mi. Ilé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú táàmù dá a kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ gan-an. Kí ẹ sì máa kọ àsìkò sójú pátákó: "ìṣẹ́jú 6 lẹ ní". Ọmọ tó mọ̀gbà tí iṣẹ́ máa parí kì í ríbi pariwo púpọ̀.

Kí ló yẹ àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5?

Iyẹ̀pẹ̀, ewé, omi, ìdérí ìgò, ìtàn. Kì í ṣe ìwé tí a tẹ lẹ́tà sí láti tẹ̀ lé pẹ̀lú pẹ́ńsù láti àárọ̀ di ọ̀sán. Iṣan ìka wọn ò tíì gbó, ẹni tó bá ń fi ipá mú wọn kọ̀wé ń kọ́ wọn láti kórìíra ìwé.

Ẹ da iyanrìn sínú tíréè, kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà, kó gbọn tíréè, kó tún un kọ. Ẹ kó ewé oríṣiríṣi wá, kí wọ́n pín in bí ó ṣe wù wọ́n, kí ẹ wá bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí èyí fi wà lọ́dọ̀ èyí?" Nínú ìdáhùn yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Mo rí ọmọ kan tó kó ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewúro sọ́tọ̀ kúrò lára ewé máńgòrò, mo rò pé ìwọ̀n ló wò. Ó ní, "Àwọn yìí, a máa ń jẹ wọ́n. Èyí, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́."

Eré ọjà náà dára: páálí mílíìkì tó ti tán, agolo, ìdérí ìgò gẹ́gẹ́ bí owó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún eré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àwọn ọmọ yìí ní ẹ̀wà, àgbàdo tàbí ọmọ ayò. Imú àti etí ni wọ́n máa ń kì í bọ̀.

Àmì ohùn ò yé àwọn ọmọ pírámárì kejì àti ẹ̀kẹta rárá. Eré wo ló lè ràn mí lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí ara wọn kọ́ ọ kí bírò tó kọ́ ọ. Gbogbo wọn á dìde dúró. Dò: wọ́n á lóṣòó. Re: wọ́n á dúró pẹ̀lú ọwọ́ láyà. Mí: wọ́n á na ọwọ́ sókè. Ẹ pe "igbá": re, mí. Ẹ pe "ìgbà": dò, dò, wọ́n á lóṣòó lẹ́ẹ̀mejì. "Igba" tó jẹ́ 200, wọn ò ní kúrò lójú kan. "Ìgbá" tí a ń sè lọ́bẹ̀, dò, mí: láti ilẹ̀ ni wọ́n ti máa fò sókè. Ẹ wá gbé e lé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ yí i padà: ọmọ kan á fi ara ṣe é láìlanu, àwọn yòókù á kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé ó jẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Nígbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ tàbí ẹni iwájú wọn ni wọ́n ń wò ṣe.

Ohun kan tó jẹ́ ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí: ọmọ tó sọ Àkúrẹ́, tó sọ Oǹdó, tó sọ Ìkálẹ̀ nílé máa ń mú ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ wá sí kíláàsì. Ẹ má bú u pé kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ yà apá kan pátákó sọ́tọ̀, kí ẹ kọ "Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é nílé yín?" sí orí rẹ̀, kí wọ́n máa mú ọ̀rọ̀ wá lọ́jọọjọ́. Kíláàsì ẹ̀kẹta tí mo fi èyí ṣe, àwọn ìyá àgbà ló ń kó ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa nígbẹ̀yìn.

Ìṣirò ń ká àwọn ọmọ pírámárì kẹrin sí ẹ̀kẹfà lára. Kí ni mo lè lò?

Ayò ọlọ́pọ́n. Mo lè sọ̀rọ̀ lórí èyí láti àárọ̀ di alẹ́. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan: ìsọdipúpọ̀ àti ìpín ti wà níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò nílò láti ra ọpọ́n. Kíréètì ẹyin onípáálí ní ojú 30, ìlà márùn-ún tó ní ojú mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ gé ìlà méjì, ọpọ́n ayò kan ti dé. Kíréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ìlà kan á sì ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ ayò tí a ti jẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àgbàdo gbígbẹ á ṣe ọmọ ayò. Ẹni tó ń din ẹyin lẹ́bàá ọ̀nà kì í fi kíréètì du èèyàn. Èmi máa ń sọ fún un kó bá mi kó o jọ.

Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ayò ta. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Ọmọ ayò 7 wà nínú ilé yìí, láìfọwọ́ kàn án, ilé wo ni èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí?" "Mo ti jẹ 19, ìwọ ti jẹ 14, mélòó ló kù lórí ọpọ́n?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n tó ta á wò. Ọpọ́n fúnra rẹ̀ ló máa máàkì iṣẹ́ wọn.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan tí kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè é, á gbá etí aṣọ rẹ̀ mú, á máa fi ìka lọ́ ọ títí màá fi pe ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí a kó kíréètì jáde, ó jẹ ọmọkùnrin méjì tó máa ń gba ipò kìíní níyà, ó sì ń sọ ibi tí ọmọ ayò máa já sí kí wọ́n tó gbé ọwọ́. Bàbá àgbà rẹ̀ ló ń bá ta ayò lálẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ìṣirò bá ṣòro, mo máa ń bi í pé, "Bó bá jẹ́ ọpọ́n ni ńkọ́?", á sì tú u. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èmi ni mi ò tíì béèrè lọ́nà tí ó yé e.

Èkejì ni òǹkà wa. Àwọn ọmọ ń sá fún un nítorí pé a ní kí wọ́n há a sórí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ "mẹ́rìndínlógún" sójú pátákó, kí wọ́n tú u bí ẹni tú ìdì: mẹ́rin dín nínú ogún, 20 − 4. "Àádọ́rin" jẹ́ mẹ́wàá dín nínú ọgọ́rin, ọgọ́rin sì jẹ́ ogún mẹ́rin. Nítorí náà "márùndínláàádọ́rin" ni 20 × 4 − 10 − 5, ìyẹn 65. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan fi nọ́ńbà pe èkejì níjà. Ariwo máa sọ, ẹ fàyè gbà á.

Abúlé ni ilé-ìwé mi wà, oko kókó ló yí wa ká. Kò sí ohun èlò kankan.

Ohun èlò ló yí yín ká yẹn! Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà níwájú nínú kókó ní Nàìjíríà, ọmọ ibẹ̀ sì lè ka ìwé jáde láìfi kókó ṣe ẹ̀kọ́ kan rí. Ẹ tọrọ èso kókó márùn-ún. Kí kóówá kọ iye hóró tó rò pé ó wà nínú ọ̀kan. Ẹ là wọ́n, kí wọ́n kà á; ó sábà máa ń wà láàárín 20 sí 50. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí márùn-ún, ìwọ̀n àárín ti yé wọn nìyẹn láìsí pé ẹ kọ ìlànà kankan.

Ẹ wọn kókó tútù, kí ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Kí àwọn ọmọ máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ láti mọ bó ṣe ń gbóná. Ẹ sá a. Bó bá gbẹ tán, ẹ tún un wọ̀n, kò ní tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Níbo ni ìyókù lọ? Ìdá ọgọ́rùn-ún, sáyẹ́ǹsì àti ọrọ̀ ajé ló wà nínú ìbéèrè kan yẹn, àwọn bàbá wọn á sì bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ nílé.

Àwọn ọmọ JSS ti rò pé àgbà làwọn, wọn kì í fẹ́ ṣe "eré ọmọdé".

Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ò ní lè parí láìsí wọn. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ kan ní Austin, ní Texas, ní 1971, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ dúdú, ọmọ funfun àti àwọn ọmọ Látíìnì pọ̀ sí kíláàsì kan, tí ìjà sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹ pín ẹ̀kọ́ sí mẹ́rin, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹnì kan á mú apá kan. Mo fi ìpínlẹ̀ wa ṣe é: ẹnì kan mú kókó, ẹnì kan mú Òkè Ìdánrè, ẹnì kan mú bítúmẹ́ẹ̀nì Àgbábù, ẹnì kan mú ẹja pípa ní etíkun Ìlàjẹ. Àwọn tó mú apá kan náà máa kọ́kọ́ péjọ kà á, kí wọ́n bi ara wọn léèrè, kí kóówá tó padà lọ kọ́ àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdánwò kúkúrú á tẹ̀ lé e, tí yóò kárí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ á rí i pé èèyàn mẹ́ta ló ń retí òun.

A ò ní lábù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ SS ní kẹ́mísìrì?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sóbò. Ẹ fi omi gbígbóná rẹ òdòdó ìṣápá pupa gbígbẹ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ pín in sínú ife onírọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀. Lórí tábìlì, ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́, omi ọṣẹ, omi eérú tí a sẹ́, omi káún àti omi kànga. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí wọ́n rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe kí wọ́n tó kán an sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa jẹ́ kó pọ́n yòò. Eérú àti káún máa yí i sí àwọ̀ ewé. Mo ti rí ọmọkùnrin ọdún 16, tí irùngbọ̀n ti ń hù, tó pariwo "Hàá!" bí ọmọ nọ́sìrì nígbà tí káún wọ inú ife rẹ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n kán ọsàn sínú èyí tó ti yí sí àwọ̀ ewé, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu ún, kí ẹ má sì gbé omi bátìrì tàbí blíìṣì tí a fi ń sọ aṣọ di funfun wọlé.

WAEC àti NECO ti sún mọ́lé. Ṣé àyè eré wà?

Ìgbà yẹn gan-an ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, gbogbo ìwé á di pípadé, kí kóówá kọ ohun tó rántí nínú ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kíkà á lákàtúnkà máa ń tan ọmọ jẹ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Fífà á yọ látinú orí ló ń jẹ́ kó dúró síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ti dán èyí wò lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn kan tí ó ní àṣìṣe mẹ́ta sójú pátákó, kí wọ́n di ẹni tó ń máàkì, kí wọ́n wá a, kí wọ́n sì sọ iye máàkì tí wọ́n á fún un.

Àwọn òbí ní "Ṣé eré ni mo ní kí ọmọ mi wá ṣe?" Kí ni mo máa sọ?

Ẹ pè wọ́n wá wò ó, kí ẹ má bá wọn jiyàn. Bí ìyá bá jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí ọpọ́n kíréètì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tán. Kí ìwé ọmọ má sì ṣófo: lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ìlà mẹ́ta péré nípa ohun tó rí. Ọ̀gá ilé-ìwé náà á rí nǹkan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́sìn nóòtì yín.

Èdè wo ni kí n fi ṣe eré yìí?

Ní pírámárì, èdè tí wọ́n fi ń ronú. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi máa ń jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn láàárín ara wọn, kí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì jábọ̀.

Fóònù ńkọ́?

Ẹyọ kan ti tó. Ẹ gba ohùn ọmọ sílẹ̀ bó ṣe ń kàwé, kí ó gbọ́ ara rẹ̀, kí ó tún un kà. Mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ tó wúlò láìsí iná àti dátà.

Àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lálẹ́. Ṣé wọ́n á gbà?

Wọ́n á gbà bí ẹ ò bá sọ wọ́n di ọmọdé. Ẹ má ní kí màmá tó ti tajà fún ọgbọ̀n ọdún wá pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n mú rìsíìtì, ìwé gbèsè, páálí oògùn àti fóònù wọn wá. Orúkọ àwọn oníbàárà wọn nínú fóònù ni ìwé kíkà àkọ́kọ́. Ìyá kan ní Àkúrẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ orúkọ 11 kọ, nítorí pé àwọn 11 yẹn jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní ti ìṣirò, àwọn ni kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí, kí ẹ̀yin wá fi bí a ṣe ń kọ ọ́ hàn wọ́n.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Kíláàsì kan, píríọ́dù kan. Ẹ mú ìbéèrè kan tí ẹ ti fẹ́ fẹnu ara yín dáhùn tẹ́lẹ̀ nínú lẹ́sìn nóòtì ọ̀la. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, ẹ ní kí wọ́n rò ó ní ìdákẹ́jẹ́, kí wọ́n bá ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn sọ ọ́, kí ẹ wá rìn láàárín bẹ́ńṣì, kí ẹ máa gbọ́. Ẹ má tíì tún ohunkóhun ṣe. Ẹ mú ìwé pélébé lọ́wọ́, kí ẹ kọ àṣìṣe mẹ́ta tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀. Àwọn ni ẹ máa fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀túnla. Bí ẹ bá sì ń lọ sílé, ẹ yà lọ́dọ̀ ẹlẹ́yin, kí ẹ sọ fún un nípa kíréètì.